Ta Ló Tú Rọ́bà Ọrùn Ike Mi?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ pé kí n jókòó, mi ò ní í jókòó, tí mo bá jókòó inú mi á rọ̀, mi ò sì fẹ́ kí inú mi rọ̀ lónìí! Àbúrò yín ti pa mí. Mo ní ó ti pa mí, òkú ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí! Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí ẹ ti fún mi níyàwó, ṣé mo ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn yín rí? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹ sọ ọ́, ẹ má wojú mi. Hẹn-ẹ́n. Ó dáa, mo dé lónìí.

Mo mọ̀ pé ó wà níbí. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì rí báàgì rẹ̀ lẹ́yìn àga yẹn. Àná ló kó aṣọ méjì sínú rẹ̀ tó jáde nílé mi láì bojú wẹ̀yìn. Kó jókòó sí yàrá níbẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ̀yin ni mo wá bá, mi ò wá bá a.

Ẹ ṣeun, àǹtí, ẹ kú wàhálà. Tíì? Ẹ gbé e fún mi, mo máa mú un dání bẹ́ẹ̀. Rárá, mi ò fẹ́ àwo sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé tiyín kalẹ̀ bó bá gbóná, ẹ má torí mi jó ẹnu yín. Ẹ ṣáà máa gbọ́ mi.

Ta ló tú rọ́bà ọrùn ike mi? Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi bi í. Ta ló rán an? Ṣé mo ní ṣọ́ọ̀bù mi dọ̀tí ni? Ṣé mo ké sí i pé kó wá bá mi tún un ṣe?

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, àwọn èèyàn ló ń pè mí ní afọmọ́tò, mi ò sì bá wọn jà. Fífọ kọ́ o! Mọ́tò tí ojú rẹ̀ ti ṣú, tí oòrùn ti bà jẹ́, tí kàn-ìn-kàn-ìn ti ha, tó jẹ́ pé bí iná bá ti tàn sí i, ìlà wẹ́wẹ́ ni ẹ máa rí káàkiri ara rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Mi ò kun nǹkan kan sí i. Ńṣe ni mò ń ha díẹ̀ kúrò lójú ọ̀dà, díẹ̀ tí kò nípọn tó ìwé, títí gbogbo rẹ̀ á fi dọ́gba, tí á wá máa dán. Ẹ̀rọ ló ń yí, kọ́ńpáùn tí mò ń tẹ̀ sẹ́nu rẹ̀ ló ń jẹ ọ̀dà. Ẹni tó bá mọ kọ́ńpáùn yàn ló mọ iṣẹ́, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yàn, kó lọ máa fọ mọ́tò lóòótọ́.

Kọ́ńpáùn kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó le wà, tó ń jẹ ọ̀dà bí ẹni ebi ń pa. Èyí tó wà láàárín wà. Pọ́líìṣì wà, tó jẹ́ pé dídán nìkan ni tiẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ọ̀dà tó o bá ti ha kúrò, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó o lè bẹ̀ ẹ́ kó padà wá. Èyí tó rọ̀ jù ni wàá kọ́kọ́ fi dán an wò, níbi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí apá rẹ̀ ò bá ká a, kó o tó mú èyí tó le jù ú. Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn, mi ò sì rú u rí, kí n má délé bí mo bá ń purọ́!

Wàyí o, gálọ́ọ̀nù ńlá ni mo ń rà wọ́n. Mo wá ń bù wọ́n sínú ike kéékèèké, torí ẹ̀rọ máa wà lọ́wọ́ kan, ike á wà lọ́wọ́ kejì. Ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà. Ohun tó wà nínú wọn, funfun ni gbogbo rẹ̀. Òórùn wọn ò yàtọ̀, ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe wọ́n. Bí mo bá fi bíírò kọ nǹkan sí i lára, ọwọ́ tútù á ti pa á rẹ́ kó tó di ọ̀sán. Mo wá lo ọgbọ́n. Rọ́bà kan lọ́rùn pọ́líìṣì, rọ́bà méjì lọ́rùn ti àárín, rọ́bà mẹ́ta lọ́rùn èyí tó le. Ọmọ ọdún mẹ́ta á mọ ìyẹn kà!

Ó wá kan mọ́tò tó fa gbogbo èyí. Ẹ mọ ìyá olùkọ́, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì? Òun náà. Mọ́tò ọkọ rẹ̀ ni, ọkọ tó ti kú. Ó dúdú bí kóró iṣin, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é náà ló ṣì wà lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì tún un kùn rí. Ọkọ yẹn ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìyá olùkọ́ ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kò tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó wo ọwọ́ wọn, ó ní ẹ kú iṣẹ́, ó sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó wo tèmi, ó bọ́ sílẹ̀, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní, “Ọwọ́ yín jọ ọwọ́ ẹni tó ní sùúrù.”

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọwọ́ ẹni tó ní sùúrù. Orí mi wú, ẹ̀gbọ́n, mi ò ní í parọ́ fún yín, mo délé mo sọ ọ́ fún àbúrò yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bọ́ bàtà.

Lọ́jọ́ Ajé mo dán mọ́tò wò bó ṣe yẹ. Mo fi téèpù yí igun kékeré kan ká lórí búùtù, mo fi rọ́bà kan ṣe é, ìlà yẹn ò mira. Mo fi rọ́bà méjì ṣe é, ó lọ pátápátá. Mo fi sípíríìtì nù ún, kí òróró tó wà nínú kọ́ńpáùn má bàa tàn mí jẹ, mo gbé iná sún mọ́ ọn, ó mọ́ tónítóní. Mo ní ó parí, rọ́bà méjì ni, kí n máa bá a lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo jáde lọ ra fóòmù tuntun tí mo máa fi sẹ́nu ẹ̀rọ. Wákàtí mẹ́ta péré ni mo lò níta.

Wákàtí mẹ́ta! Inú ire bá àbúrò yín láàárín wákàtí mẹ́ta. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná. Ó fọ pẹpẹ, ó fọ ilẹ̀, ó fọ ike. Ó bó rọ́bà gbogbo kúrò, ó ní wọ́n ti ń lẹ̀ mọ́wọ́. Ó wá to ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹsẹ̀ kan náà bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, tí wọ́n ń dán, tí wọ́n ń wò mí. Rọ́bà ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti kó o lọ sílé ìdáná. Ó fi kan di ọ̀rá iyọ̀, ó fi kan di ọ̀rá ṣúgà, mi ò mọ èyí tó fi di kí ni. Rọ́bà tí mo fi ń jẹun ni wọ́n fi ń di iyọ̀ nílé mi!

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé, ó ń nu ọwọ́ sí aṣọ, eyín rẹ̀ gbogbo wà níta. Ó ní, “Wò ó, ṣé ojú ẹ ò gbádùn?” Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n lu obìnrin nítorí pé ó gbá ilẹ̀ ni? Mo ní o ṣeun, ìyá àwọn ọmọ mi, o káre.

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò bi í? Kí n bi í ní kí ni? Ṣé òun mọ èwo ni èwo? Ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti tò wọ́n, ó ti tán. Ẹ̀yin náà kẹ̀, ẹ máa ń gbèjà rẹ̀ jù!

Àná Ọjọ́rú. Mo mú ike kan. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóòmù, mo gbé ẹ̀rọ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìlà gíga kan wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn tó yọ bí eegun imú, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Ẹ bá mi kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé ẹ̀rọ sókè, mo rí àwọ̀ eérú. Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo nù ún. Mo tún un nù. Ẹ̀gbọ́n, ohun tí wọ́n fi tẹ́ ìsàlẹ̀ ọ̀dà ni mò ń wò! Ọ̀dà ti lọ, ọ̀dà ọkọ ìyá olùkọ́ ti lọ, ó gùn tó ìka mi yìí gan-an. Èyí tó le ni mo mú. Rọ́bà mẹ́ta ni.

Mo gbé! Mo tẹ́! Mo pe ẹni tó ń kun mọ́tò ní òpópónà kejì, ó wá wò ó, ó mi orí. Ó ní òun lè tún bọ́nẹ́ẹ̀tì kùn látòkè délẹ̀, á sì dúdú, ṣùgbọ́n kò ní í jẹ́ dúdú yẹn. Lọ́la ní aago mẹ́wàá ni obìnrin yẹn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Kí ni màá sọ fún un? Bí ó bá jáde kúrò lọ́dọ̀ mi bó ṣe jáde lọ́dọ̀ àwọn méjì yẹn, ta ló tún máa gbé mọ́tò gidi wá bá mi? Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, kí ló kù tí mo lè ṣe láyé?

Mo bú u. Bẹ́ẹ̀ ni, mo bú àbúrò yín, mo ti mọ̀ pé ó sọ fún yín. Mo ní kó kúrò lójú mi. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ò dáa. Mo ní ohun tó bá fọwọ́ kàn ló ń bàjẹ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa, àmọ́ ta ló tú rọ́bà? Ẹ dá mi lóhùn, ta ló tú u?

Kí lẹ wí?

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, rọ́bà mélòó ni mo ń lò? Ẹ̀gbọ́n, irú ìbéèrè wo nìyẹn? Kí ló kàn án pẹ̀lú èyí tí à ń sọ? Ẹ̀yin ni ẹ jókòó ti mi ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ yẹn, ẹ mọ̀ pé mi ò lo rọ́bà. Ọ̀gá mi náà ò lò ó. A kàn máa ń kán díẹ̀ sí ìka, a fi àtàǹpàkò ra á, ó ti tán. Èyí tó le, ẹ máa mọ̀ ọ́n bí iyanrìn lábẹ́ ìka. Ti àárín bí ìyẹ̀fun. Pọ́líìṣì bí ìpara. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì á mọ̀ ọ́n lójú dídì.

Rọ́bà ò tíì pé ọdún méjì, ó dáa? Kí iṣẹ́ lè yá ni. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí iṣẹ́ yá? Ẹ̀yin ẹ kì í rántí nǹkan, àfi èyí tó bá máa kó bá èèyàn!

Àná? Àná, bẹ́ẹ̀ ni, mo ra á. Mo ra á ní ìka. Mo ní mo ra á! Mo... Kí lẹ ń wò lọ́wọ́ mi? Ife kẹ̀. Tíì tí àǹtí gbé fún mi ni. Kí ló ṣe é? Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ fi í sílẹ̀, kò gbóná, kò gbó...

Mo ti gbé e kalẹ̀. Ó tán.

Mo ti rí i. Àtẹ́lẹwọ́ mi pọ́n. Mo rí i pé ó pọ́n, ó ti ń wú níbí, mo rí i.

Ẹ má pe àǹtí. Ẹ má pariwo, mo bẹ̀ yín. Kó má gbọ́ nínú yàrá.

Ẹ jẹ́ n jókòó.

Ọdún méjì ó lé díẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn, bó ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ èèyàn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó kọ́kọ́ ń rìn mí níka bí eèrà, mo ní àárẹ̀ ni. Ó wá di pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ìka mi á funfun, mi ò ní í mọ̀ ọ́n lára, mo máa kì í bọ omi gbígbóná kó tó jí. Ní báyìí kì í jí mọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì mi gbogbo, ṣé ẹ ò rí i pé mi ò wọ̀ wọ́n mọ́? Mo ní ooru ń mú mi. Bọ́tìnnì ni mi ò lè dè. Dókítà ní kí n fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ó rọrùn fún un láti sọ. Kí n fi í sílẹ̀, kí n wá máa ṣe kí ni? Kí n máa fọ mọ́tò?

Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́, tíì yín ló sì tú mi láṣìírí.

Rọ́bà ò ṣẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo di rọ́bà mọ́ ọrùn ike nígbà tí ìka mi ò gbọ́ràn mọ́. Àná mo kán an sí ìka, mo fi àtàǹpàkò ra á, títí, títí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ra á bí ẹni ń ra afẹ́fẹ́. Mo wá dúró bí ẹni tó mọ̀, mo ní òun nìyí. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ tí mò ń díbọ́n fún, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ mo ní òun nìyí!

Ohun tó dùn mí jù, mi ò tíì sọ ọ́. Nígbà tí mo pariwo, tó sáré wọlé, ó rí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó wá mú ike yẹn. Kò kọ́ṣẹ́, kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó kán an sọ́wọ́, ó ra á lẹ́ẹ̀kan, ó wo ojú mi. Ó ní, “Baba àwọn ọmọ, iyanrìn ló wà nínú eléyìí. Ṣé o ò mọ̀ ọ́n lára ni?”

Ṣé o ò mọ̀ ọ́n lára ni. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ò dáa. Òun! Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ẹ̀gbọ́n, ìka tèmi ló ṣẹ̀, ìyàwó mi ni mo gé.

Ẹ bá mi gbé ọ̀rá dúdú yẹn, èyí tí mo gbé sílẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Ike ló wà níbẹ̀. Mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá. Láàárọ̀ yìí mo wọ ilé ìdáná, mo tú rọ́bà lọ́rùn iyọ̀, mo tú u lọ́rùn ṣúgà, gbogbo ilẹ̀ di iyọ̀. Mo ní kí n dì í padà fúnra mi kí n tó lọ bẹ ìyá olùkọ́. Èwo ni màá di mẹ́ta sí? Mo jókòó síwájú ike mẹ́ta bí ọmọ tí wọ́n fún nídàánwò. Rọ́bà gan-an, mi ò lè nà án. Ó ń bọ́, mo ń ṣà á, ó ń bọ́. Ọ̀kan fò, ó nà mí lójú. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó pani lẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín tán kí n tó wá síbí.

Ohun tí mo wá tọrọ rèé. Ẹ ní kó jáde. Kì í ṣe pé kó wá bẹ̀ mí o, ta ló fẹ́ ẹ̀bẹ̀! Ìyá olùkọ́ á dé lọ́la, èmi ni màá mú un lọ síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá ní ẹ wo ohun tí ọwọ́ onísùúrù ṣe fún yín. Ìyẹn, mo lè dá a ṣe. Ó lè wa mọ́tò rẹ̀ lọ, ó lè bú mi, èyí tó bá wù ú ni. Àmọ́ bó bá ní kí n parí ìyókù, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló kù, mi ò lè dá ìyẹn ṣe. Mi ò lè dá nǹkan kan ṣe mọ́, ẹ̀gbọ́n, mo ti ń díbọ́n láti ọdún méjì.

Ilẹ̀kùn wo ló dún?

Ìwọ nìyẹn. O ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Má sọ nǹkan kan, jọ̀ọ́, má wo ọwọ́ mi, a máa sọ ìyẹn nílé. Jókòó síbí. Rọ́bà rèé, mo ti fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀. Kán an sí ìka, kó o ra á... Kí ló jọ? Ìpara? Ó dáa, kan nìyẹn. Mú èyí. Ìyẹ̀fun, hẹn-ẹ́n, méjì. Ó ku eléyìí. Fi àtàǹpàkò ra á dáadáa, má kánjú.

Iyanrìn.

Mẹ́ta nìyẹn. Bá mi dì í, tèmi ń bọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ẹ jẹ́ ó dì í tán ná.